Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ìyá mi ní ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́, lórí owó tí mo fẹ́ fi du ipò káńsẹ́lọ̀

Sí Ìyálọ́jà, àwọn olórí ìsọ̀ gbogbo, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja, ẹdé àti ẹran ìgbẹ́ ní ọjà Olúwo,

Ẹ kú ọrọ̀ ajé o. Ajé á wọgbá, ọjà á tà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, alájọ yín ni mí. Èmi ni mo máa ń gba iwájú yín kọjá láràárọ̀ pẹ̀lú báàgì dúdú tí mo gbé kọ́ àyà, tí ẹ ó máa pè mí láti ìdí igbá kan dé èkejì pé, "Alájọ, wá gba tèmi kí n tó ná an." Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gba owó lọ́wọ́ yín. Ìyá mi náà ta ẹja kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ìdí igbá wọn ni mo ti kọ́ ìṣirò. Mo kọ lẹ́tà yìí síta gbangba nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. Mo fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa nígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá tún dé, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi ibi tí owó tí màá ná yóò ti wá.

Ìbò kọ́ ni mo wá tọrọ lónìí. Ìbò ọjọ́ 12 oṣù Keje 2025 ti lọ, àkókò ìpolongo ti èyí tó ń bọ̀ kò sì tíì tó. Ọ̀rọ̀ owó ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi owó kéékèèké ṣe ohun ńlá gbọ́dọ̀ tètè bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ní ọdún kan báyìí tí a dìbò, mo jáde ní ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ìyá kan tí 200 náírà jẹ́ àjọ wọn lójúmọ́ na 3,000 sí mi. Owó tuntun ni, kò ní ìlà kíká kankan lára. Wọ́n ní kí n fi kọ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀ fún àwọn. Mo kọ ọ́. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, 3,000, owó tuntun. Kí n tó dé ìdí àwọn tó ń họ ìpẹ́ ẹja, mo ti gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn méje. Nígbà tí mo délé tí mo ń tò ó, mo rí i pé nọ́ḿbà ara owó náà tẹ̀ léra wọn, bí ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà. Ibì kan náà ni wọ́n ti gé ìdì rẹ̀. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, kò sì sí ẹni tó wo ojú mi dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn.

N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú àwọn méje yẹn. Ní ọjọ́ ìbò, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn, ọjà kì í ná, ẹni tí kò sì tajà lánàá, kí ló fẹ́ fi se ọbẹ̀ lónìí? Àwọn tó ń pín owó náà mọ èyí. Láti ìgbà ìbò gómìnà Èkìtì ní 2018 ni gbogbo wa ti mọ ọ̀rọ̀ náà lórí, "dìbò kí o sebẹ̀". Kò sì yé mi bí ẹni tí ebi kò pa rí ṣe lè jókòó sórí rédíò kí ó máa bú ẹni tó gba 3,000.

Ṣùgbọ́n alájọ ni mí, owó kì í dé ọwọ́ mi kí n má pín in sórí ọjọ́. Ọdún mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 1,460. Ẹ pín 3,000 sí i: ó lé díẹ̀ ní náírà méjì lójúmọ́. Ta ló wà lọ́jà yìí tó máa fi ìsọ̀ rẹ̀ háyà ní náírà méjì lójúmọ́ fún ọdún mẹ́rin, tí kò ní lè lé ayálégbé náà jáde bí ó bá tilẹ̀ ń da omi ìdọ̀tí sórí ẹja rẹ̀?

Ibi tí ẹni tó pín owó náà ti ń gbà á padà ni mo fẹ́ kí a wò dáadáa.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá kan tí ẹnu wọn tólẹ̀ nínú òṣèlú àdúgbò wa ránṣẹ́ pè mí. Ẹ kò ní í gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu mi. Tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbà mí. Wọ́n ní kí wọ́n bu ìkókorè fún mi, odidi òbòkún ló sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń ṣọ́ mi. Pé obìnrin tí owó ọjà kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, irú wọn ló yẹ kí a gbé síwájú. Wọ́n ní àwọn máa ra fọ́ọ̀mù, àwọn máa tẹ pósítà, àwọn máa gbé ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ìgboro fún mi. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, kí ni kí èmi náà ṣe?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, pé bí mo bá wọlé tán, ọmọ àwọn kan ló máa gba iṣẹ́ jíjá tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, kí n ṣáà má dá a dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá dé iwájú ìgbìmọ̀.

Ẹ̀yin ìyá mi, tíkẹ́ẹ̀tì yín ni wọ́n ń sọ yẹn.

Mo wálé, n kò sùn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé àjọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Bí wọ́n bá ná mílíọ̀nù mẹ́rin lé mi lórí, tí tíkẹ́ẹ̀tì wá fi 50 náírà péré gbé owó sí i, tí 300 èèyàn sì ń já a lójúmọ́, 15,000 nìyẹn lójúmọ́. Kí ọdún kan tó yí po, mílíọ̀nù mẹ́rin ti padà sílé. Èrè ni ọdún mẹ́ta tó kù. Ẹ̀yin ni ẹ ó san owó pósítà mi, owó ọkọ̀ mi àti 3,000 tuntun tí wọ́n á pín fún yín, ẹ ó sì san án ju ìgbà mẹ́rin lọ. Èmi á wà nínú ìgbìmọ̀, ẹnu mi á sì dí.

Ní ọjọ́ kẹta mo padà lọ. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. N kò lè gbà á." Wọn kò bínú. Wọ́n kàn wò mí títí, wọ́n ní, "Ta ló wá máa gbé ẹ, ọmọ mi?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá bá yín.

Ẹ má rò pé bàbá yẹn rú òfin nípa ríra nǹkan fún mi. Òfin fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Nínú Òfin Ìdìbò ti 2010, iye tí ẹnì kan lè fún olùdíje kò gbọ́dọ̀ ju mílíọ̀nù kan náírà lọ. Nínú ti 2022, wọ́n gbé e dé mílíọ̀nù 50. Òfin 2022 yẹn kan náà, níbi tó ti sọ̀rọ̀ káńsẹ́lọ̀ àwọn àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Abuja, ní káńsẹ́lọ̀ kò gbọ́dọ̀ ná ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Mílíọ̀nù kan ni tẹ́lẹ̀. Ẹ fi mílíọ̀nù 50 yẹn àti mílíọ̀nù márùn-ún wé ara wọn. Lábẹ́ òfin 2022 yẹn, olówó kan ṣoṣo lè san gbogbo ohun tí káńsẹ́lọ̀ fẹ́ ná, kí ó sì tún san án lọ́nà mẹ́wàá, òfin kò ní sọ pé kí ló dé. Ní ti wa ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àjọ LASIEC ló ń ṣètò ìbò ìjọba ìbílẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti àgbègbè ìdàgbàsókè 37, títí kan Ẹ̀pẹ́, Ẹrẹ́dò àti Ìkòsí-Ẹ̀jìrìn tiwa. Kò sí ìgbà kankan tí alága tàbí káńsẹ́lọ̀ kan wá sí iwájú ìsọ̀ ìyá mi tó ní, "Màmá, iye tí mo ná rèé, àwọn tó fún mi nìyí."

Kí ẹ sì wo fọ́ọ̀mù nìkan. Ní 2022, ẹgbẹ́ APC ta fọ́ọ̀mù ààrẹ ní mílíọ̀nù 100, PDP ta tiwọn ní mílíọ̀nù 40. Owó oṣù tó kéré jù lọ nígbà yẹn jẹ́ 30,000. Ẹni tó ń gbà á, tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò wọ ọkọ̀, á ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ọdún 277 kó tó ra fọ́ọ̀mù APC yẹn. Fọ́ọ̀mù káńsẹ́lọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni. Ẹni tí kò lówó kò dé ibi tí ẹ ó ti rí orúkọ rẹ̀ láti tẹ̀ka fún un. Òfin wa kò sì gba kí èèyàn dá dúró láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú, nítorí náà kò sí bí mo ṣe fẹ́ yẹ fọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Owó tó ń bọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ náà kì í ṣe kékeré mọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí ìpín ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn. Ẹ̀rù rẹ̀ náà sì ń bà mí, nítorí ibi tí ẹja bá pọ̀ sí ni àwọ̀n ń lọ.

Àwọn kan ti bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ owó ìbò kan ìdọ́gba tí mo máa ń pariwo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ibùdó ìdìbò tèmi.

Iléèwé kan ni. Orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé àpótí sí, àtẹ̀gùn márùn-ún sì ni kí èèyàn tó débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa, télọ̀ ni wọ́n, ọ̀pá méjì ni wọ́n fi sí abíyá rìn. Wọ́n ti dé láti aago mẹ́jọ. Wọ́n wọ agbádá funfun tí wọ́n rán fúnra wọn, ó mọ́ tónítóní. Nígbà tó kàn wọ́n, àwọn géńdé méjì ṣàánú wọn, wọ́n gbé wọn lápá lẹ́sẹ̀ gòkè, agbádá wọn ká sókè dé àyà níwájú gbogbo èèyàn. Wọ́n dìbò. Àwọn géńdé tún gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Mo lọ bá wọn pé wọ́n kú ìrọ́jú. Wọ́n ń tún agbádá wọn ṣe, wọn kò wò mí, wọ́n ní, "Àbúrò, bí àpò gaàrí ni wọ́n ṣe gbé mi." Ní ìbò tó tẹ̀ lé e, wọn kò wá.

Òfin ìpínlẹ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá ti wà láti 2011. Èyí tí Ààrẹ Bùhárí buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí akàndá lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé. Síméǹtì àti iyanrìn tí a ó fi ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn márùn-ún kò tó owó ẹ̀rọ gbohùngbohùn ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ta ló máa béèrè fún un? Télọ̀ tó ń fi ọ̀pá rìn kò ra fọ́ọ̀mù fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ra fọ́ọ̀mù fẹ́ kí gọ́tà gba iwájú ilé tirẹ̀, ibẹ̀ náà ni gọ́tà á sì gbà. Ìdọ́gba tí mo ń pariwo rẹ̀ nìyẹn. Bí owó tó gbé èèyàn wọlé bá jẹ́ ti ẹnì kan, ẹni yẹn ni wọ́n á máa gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin tó kù á máa dúró nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ ó máa wojú àwọn tó wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìwé Òfin 1999, ní Àfikún rẹ̀ Kẹrin, to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìyàgbẹ́ ìgboro, ibi ìpẹran, ibi ìsìnkú, ọ̀nà àdúgbò àti gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí, ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun àti òkú. Mo kà á fún àwọn ìyá kan ní ìdí ẹja yíyan, ọ̀kan nínú wọn ní, "Gbogbo ayé wa ló kà yẹn." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àtìgbà tí wọ́n bí wa títí di ọjọ́ tí a ó sin wá ló wà nínú ìwé yẹn, síbẹ̀ ipò tó ń bójú tó o ni a ń tà ní náírà méjì lójúmọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò lè fò. Nígbà tí mo sọ fún àwọn kan pé mo fẹ́ jáde, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ọmọ Èkó Ẹ̀pẹ́ ni ọ́ ni, àbí Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́?" Apá méjì tí ìlú wa pín sí nìyẹn. Ìlàjẹ tó ń gbé ẹja wá fún yín láàárọ̀ ńkọ́? Ègùn ńkọ́, àti obìnrin Ìgbò tó ń ta ẹdé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tó ti bí ọmọ mẹ́rin sí Ẹ̀pẹ́? Wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì kan náà. Ọba Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi lé kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, ọwọ́ àwọn Ìjẹ̀bú ló bọ́ sí, Ẹ̀pẹ́ ló sì fi ṣe ilé. Ìrántí bíbọ̀ rẹ̀ ni a fi ń jó ní ọdún Káyókáyọ̀. Ìlú tó fi àlejò ṣe ọdún kò yẹ kó máa béèrè ibi tí wọ́n ti bí ìyá èèyàn kó tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ó yá, owó ńkọ́?

Ẹ mọ bí àjọ ṣe ń rí. Káàdì wà lọ́wọ́ yín, ìwé ńlá wà lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá dá 200, mo fi bírò sí méjèèjì lójú yín. Ní òpin oṣù, owó ọjọ́ kan ni tèmi, ìyókù ni tiyín. Ẹ mọ iye tí mo jẹ, èmi náà mọ̀ pé ẹ mọ̀. Kò sí alájọ tó lè sọ pé "ẹ ṣáà fọkàn tán mi" kí ó sì máa lọ. Ọjọ́ tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni ọjà á wọ́ tẹ̀ lé e délé. Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú alájọ wo èmi olùdíje náà.

Àpò ìbò mi kò ní í ju mílíọ̀nù méjì náírà lọ, láti ọjọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ dé ọjọ́ tí wọ́n bá ka ìbò tán. Ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ ìyá mi, kò gbọ́dọ̀ fi ju 10,000 sí i. Iléeṣẹ́, kọngílá, àti ẹnikẹ́ni tó ń wá iṣẹ́ gbà lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi kọ́bọ̀ kan sí i. Bí 500 èèyàn bá ń dá 100 náírà lóṣooṣù, 50,000 nìyẹn lóṣù. Ní oṣù 36, ó di 1,800,000. Fọ́ọ̀mù ni a ó fi rà, àti pósítà kékeré, àti oúnjẹ òun owó ọkọ̀ àwọn tó máa ṣọ́ ìbò wa títí wọ́n á fi kọ èsì sílẹ̀. Kò sí àpò ìrẹsì nínú rẹ̀. Kò sí fìlà, kò sí olórin. Bí fọ́ọ̀mù bá ju ohun tí àpò wa lè gbé lọ, màá dúró níwájú gbogbo ọjà, màá sọ ọ́. N kò ní í sá lọ sílé bàbá yẹn lóru. A ó jọ pinnu bóyá ká wá ẹgbẹ́ mìíràn, tàbí kí n dá owó padà fún oníkálukú bó ṣe wà lójú káàdì rẹ̀.

Ẹni tí kò bá lè dá 100 náírà kò padà sẹ́yìn nínú ohunkóhun. Ohùn rẹ̀ àti ti ẹni tó dá 10,000 kò yàtọ̀ sí ara wọn.

Ibi kan wà tí mo rò jù, tí oorun sì dá lójú mi nítorí rẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo owó wà ní gbangba. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á fẹ́ dá 100 náírà tirẹ̀, ẹ̀rù á sì máa bà á pé bí orúkọ òun bá wà lára ògiri, wọ́n lè gba ìsọ̀ lọ́wọ́ òun lọ́la. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ wa nìyí: káàdì àjọ ní nọ́ḿbà. Ẹni tí gbogbo ohun tó dá kò bá tíì kọjá 5,000, nọ́ḿbà rẹ̀ nìkan ni a ó kọ síta. Ẹni tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn. Kí ẹnì kan má baà wá pín owó ńlá sí ogún nọ́ḿbà, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó yan ìyá mẹ́ta tó máa mọ ẹni tó wà lẹ́yìn nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja tútù, ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja yíyan, ọ̀kan lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́dé. Ọwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìwé báńkì á wà. Èmi kò ní í lè gba owó jáde láìsí ọwọ́ méjì nínú wọn. Bí ẹ bá mọ ọ̀nà tó dára jù èyí lọ, ẹ sọ fún mi, mo ṣì ń rò ó.

Kí n má purọ́ fún yín, ó ku ibi tó le. Àwa fúnra wa ń gbówó lé òṣèlú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a lẹ́nu pé mo fẹ́ du ipò ni, ẹni mẹ́fà ti fi aṣọ ẹbí ránṣẹ́ sí mi. Ẹnì kan ní kí n wá ṣe alága ìkómọ. Ẹlòmíràn ní ìsìnkú bàbá ọkọ òun ń bọ̀, pé "ẹ ó mọ ohun tí ẹ máa ṣe." Owó tí mo bá ná lójú agbo, ibo ni ẹ rò pé màá ti rí i? Ilé bàbá yẹn náà ni, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni màá sì gbà wọlé. Mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá bímọ, ẹ pè mí, màá wá fọ abọ́. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ yín, màá bá yín jókòó. Ṣùgbọ́n n kò ní í fi owó àpò ìbò ná ẹnikẹ́ni lórí, ẹ má sì fi ìyẹn mọ̀ mí ní ahun. Ó dùn mí láti kọ èyí, nítorí mo fẹ́ràn agbo, mo sì mọ̀ pé ọmọ Yorùbá tó bá lọ sí ìnáwó lọ́wọ́ òfo, wọ́n á fi ojú burúkú wò ó.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí tí agbára mi kò ká. Káńsẹ́lọ̀ kò lè yí Òfin Ìdìbò padà. Abuja ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn, àwọn tó wà ní Alausa ló sì ni òfin ìbò ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n gbé àbá síwájú ìgbìmọ̀ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ máa lẹ iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n já mọ́ ògiri ọjà lóṣooṣù, àti orúkọ kọngílá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye iṣẹ́ tó gbà. Kí káńsẹ́lọ̀ tó gba owó ìbò lọ́wọ́ ẹnì kan sì bọ́ síta nígbà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹni yẹn bá dé. Wọ́n lè má gbà á. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ ó mọ orúkọ ẹni tó kọ̀ ọ́. Ọ̀nà tó dáa wà níbòmíràn tí mo ń fẹ́ ká fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò. Ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, láti 2017, ìjọba ìlú náà ń fún ará ìlú ní ìwé owó mẹ́rin, dọ́là 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n fún olùdíje tó bá wù wọ́n. Owó orí tí àwọn onílé ń san lórí ilé àti ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń ṣe é. Olùdíje ibẹ̀ lè lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń gbá ìgboro, kí ó sì rí owó ìbò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì kan tiwa. Káàdì ọlọ́gọ́rùn-ún náírà ni tiwa.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé kí ni ẹlẹ́ja mọ̀ nínú òṣèlú, ẹ rán an létí Alímòtù Pẹ̀lẹ́wúrà. Ẹlẹ́ja ni wọ́n, olórí ọjà Eréko ní Èkó, wọn kò sì kàwé. Ní 1940, ìjọba òyìnbó ní kí obìnrin tó ń rí ju 50 pọ́ùn lọ lọ́dún máa san owó orí. Àwọn ìyá ọjà ti ọjà pa, wọ́n rìn lọ bá àwọn aláṣẹ, ìjọba sì gbé ìlà náà kúrò ní 50 dé 200 pọ́ùn. Kò sí bàbá kankan tó ra fọ́ọ̀mù fún wọn. Igbá ẹja ni wọ́n ti dìde.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, nígbà tí ẹ bá ti palẹ̀ igbá mọ́, màá tẹ́ tábìlì sí ibi tí mo ti máa ń san àjọ fún yín. Káàdì àkọ́kọ́ ti wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé ni, kí ẹ má baà ṣì í mú mọ́ ti àjọ. Èmi ni nọ́ḿbà kìíní, mo ti kọ 100 náírà mi sí i. Ẹ̀gbọ́n télọ̀ ni nọ́ḿbà kejì. Nígbà tí mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ àpò, wọ́n san ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní kí n fi bírò sí i lójú àwọn.

Èmi ni,
Alájọ yín
Ẹ̀pẹ́